Ẹ̀dọ̀ àti Òróòro Nínú Ara Ènìyàn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Bí inú bá ń bí ènìyàn, àwọn àgbà a máa ní kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro, kí ó mú sùúrù. Ẹni tí ó bá ti tú inú ẹran rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ohun tí ojú ń rí, nítorí pé abẹ́ ẹ̀dọ̀ ni àpò òróòro lẹ̀ mọ́, ẹ̀dọ̀ ni ó sì bò ó lórí. Bákan náà ni ó rí nínú ara ènìyàn. A ti kó àwọn ìbéèrè tí a sábà máa ń gbọ́ nípa wọn jọ síbí, a sì ń dáhùn wọn pọ̀ nítorí pé a kò lè ya ọ̀rọ̀ ọ̀kan kúrò lára ti èkejì: ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí òróòro ń gbà láti inú ẹ̀dọ̀ dé inú ìfun ni yóò mọ ìdí tí ojú fi ń pọ́n, tí ìtọ̀ fi ń dúdú, tí ìgbẹ́ sì fi ń funfun.

Ibo gan-an ni ẹ̀dọ̀ wà, báwo ni ó sì ṣe tóbi tó?

Apá ọ̀tún lókè ikùn ni ẹ̀dọ̀ wà, lábẹ́ egungun ìhà, ó sì na apá kan kọjá sí òsì dé iwájú àpòlúkù. Iṣan pẹrẹsẹ tí ó pààlà sáàárín àyà àti ikùn ni ó wà lókè rẹ̀. Nígbàkígbà tí a bá mí sínú, iṣan yìí a máa ti ẹ̀dọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà tí ó ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò fi máa ń ní kí aláìsàn mí kanlẹ̀ nígbà tí ọwọ́ òun wà lábẹ́ ìhà ọ̀tún, kí ẹ̀dọ̀ lè wá bá ọwọ́ rẹ̀. Nínú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ìwọ̀n ẹ̀dọ̀ máa ń tó kílò 1.2 sí 1.5, kò sì sí ẹ̀yà ara inú mìíràn tí ó tóbi tó o. Ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ pupa tí ó ń ṣú, ó sì kún fún ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ìjàǹbá ọkọ̀ bá fà á ya, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lè dà sínú ikùn láìsí ọgbẹ́ kankan lára.

Kí a má ṣe ṣi ẹ̀dọ̀ mú fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró ni a fi ń mí, inú àyà ni ó wà, kò sì sí nínú ohun tí a ń sọ níhìn-ín.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀dọ̀ pín sí apá méjì?

Lójú lásán, bẹ́ẹ̀ ni. Apá ọ̀tún tóbi ju ti òsì lọ dáadáa, awọ tín-ín-rín kan tí ó so ẹ̀dọ̀ mọ́ ògiri ikùn ni ó sì dà bí ààlà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ààlà yẹn kọ́ ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń tẹ̀lé. Ní 1897, James Cantlie, oníṣẹ́ abẹ ará Scotland, fi hàn pé ibi tí àpò òróòro wà ni ààlà tòótọ́ ti bẹ̀rẹ̀, tí ó sì lọ títí dé ẹ̀yìn, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó ń padà sínú ọkàn gbé kọjá. Lẹ́yìn náà, ní 1957, Claude Couinaud, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, pín ẹ̀dọ̀ sí ọ̀nà 8, ó sì fi hàn pé ìpín kọ̀ọ̀kan ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ àti ọ̀nà òróòro tirẹ̀. Ìpín yìí ni ó jẹ́ kí dókítà lè gé ibi tí kókó wà kúrò, kí ìyókù sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gba ọ̀nà méjì wọ inú ẹ̀dọ̀?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ni ó jẹ́ pé láti ọkàn ni ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń wá tààrà. Ti ẹ̀dọ̀ yàtọ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tí ó ń wọ inú rẹ̀ ti kọ́kọ́ kọjá lára àpòlúkù, ìfun, spleen (ẹ̀yà ara kan ní apá òsì ikùn) àti pancreas (ẹ̀yà ara tí ó ń da omi tí ó ń da oúnjẹ sínú ìfun), ó sì ti gbé ohun tí a jẹ àti ohun tí a mu dání kí ó tó dé. Iṣan ńlá kan ni ó ń kó gbogbo rẹ̀ wá. Ìdá kan tí ó kù ni ó ń wá láti ọkàn, tí ó sì ń gbé ọ́síjìn púpọ̀ wá. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, nǹkan bí lítà 1.5 ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo.

Ẹ̀dọ̀ ń ṣe bí oníbodè ìlú láyé àtijọ́: ẹrù kankan kò gbọdọ̀ wọ ìlú kí ó tó tú u wò. Ṣúgà, oògùn, ọtí, májèlé inú oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó dé ọkàn àti ọpọlọ. Àwọn oògùn kan wà tí ẹ̀dọ̀ máa ń fọ́ tán ní àkọ́kọ́dé wọn bí a bá gbé wọn mì. Irú wọn ni oògùn tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n fún ẹni tí àyà ń dùn nítorí àrùn ọkàn, kí ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ láìgba ẹnu ibodè kọjá.

Bí ẹ̀dọ̀ bá wá kún fún àpá, tí ó sì le, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń bọ̀ láti inú ìfun kò ní rí ọ̀nà gbà bí ó ti yẹ. Yóò máa kún sẹ́yìn bí omi tí wọ́n dí lójú gọ́tà. Omi a máa jáde sínú ikùn títí ikùn yóò fi yọ síwájú, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun a sì máa wú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ́, ẹni náà lè máa bì ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kíákíá ni èyí, kì í ṣe ohun tí a ń fi ewé wò.

Báwo ni inú ẹ̀dọ̀ ṣe rí bí a bá fi máíkírósíkóòpù wò ó?

Àwọn yàrá kéékèèké tí ó ní igun mẹ́fà mẹ́fà ni a ó rí, bí afárá oyin, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì ju mílímítà 1 sí 2 lọ. Ní àwọn igun yàrá náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ méjèèjì ti ń wọlé, ọ̀nà òróòro sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn láti etí lọ sí àárín, níbi tí iṣan tí ó ń kó o jáde wà, nígbà tí òróòro a máa ṣàn láti àárín bọ̀ sí etí. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà òróòro, ara tó le nìkan ni wọn kì í ti í pàdé. Láàárín wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ gan-an tò sí, tí wọ́n ń gba ohun kan láti inú ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n sì ń da òróòro síta ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tún ń ṣọ́nà lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń gbé kòkòrò àrùn tí ó bá yọ́ wá láti inú ìfun mì. Orúkọ Kupffer, onímọ̀ ará Jámánì, ni a fi ń pè wọ́n.

Iṣẹ́ wo gan-an ni ẹ̀dọ̀ ń ṣe?

Bí ènìyàn bá ní kí òun ka iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ tán, ilẹ̀ yóò ṣú. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí a jẹ. Lẹ́yìn àwo àmàlà tàbí iyán, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a máa gòkè, ẹ̀dọ̀ a sì kó èyí tí ó ṣẹ́kù pamọ́ ní ìrísí kan tí a ń pè ní glycogen. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí a sì ti sùn, tí a kò jẹun fún wákàtí mẹ́jọ, ẹ̀dọ̀ náà ni yóò máa tú ohun tí ó fi pamọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ọpọlọ má bàa pa ebi mọ́nú. Claude Bernard, ará Faransé, ni ó yọ glycogen jáde láti inú ẹ̀dọ̀ ní 1857. Kí ó tó ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ara ẹranko kò lè ṣe ṣúgà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ń gba ààwẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń gbé e dé ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe albumin, èròjà tí ó ń di omi mú sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí albumin bá dín kù púpọ̀, omi a jò jáde, ẹsẹ̀ a sì wú. Òun náà ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn èròjà tí ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́, kò sì lè ṣe mélòó kan nínú wọn láìsí fítámì K. Fítámì yìí kò lè wọ ara láti inú ìfun láìsí òróòro. Ibí ni a ti kọ́kọ́ rí bí iṣẹ́ méjèèjì ṣe so kọ́ra: bí ọ̀nà òróòro bá dí fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà lè ṣàìdì, bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ṣì lágbára.

Nígbà tí ara bá lo purotéènì inú ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà, àlòkù rẹ̀ a máa di ammonia, èyí tí ó jẹ́ májèlé fún ọpọlọ. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di urea, tí kíndìnrín sì ń dà á nù sínú ìtọ̀. Hans Krebs àti Kurt Henseleit, onímọ̀ ará Jámánì, ni ó ṣàlàyé ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é ní 1932. Bí ẹ̀dọ̀ kò bá lè ṣe iṣẹ́ yìí mọ́, aláìsàn a lè máa sùn lọ́sàn-án, kí ó máa jí lóru, kí ó máa sọ ìsọkúsọ, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa gbọ̀n bí ó bá nà á síwájú. Àwọn ará ilé lè rò pé ayé ni ó ń ṣe é.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú irin, fítámì A àti fítámì B12 pamọ́, ti B12 sì lè tó ara lò fún ọdún mélòó kan. Ó ń fọ́ oògùn, ọtí àti àwọn họ́mọ̀nù tí ara ti lò tán. Kí a tó bí wa pàápàá, fún oṣù mélòó kan nínú oyún, ẹ̀dọ̀ ọmọ ni ó ń ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí iṣẹ́ náà tó bọ́ sọ́wọ́ mùdùnmúdùn inú egungun. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ tí ó kù ni òróòro.

Kí ni òróòro, kí sì ni ó wà fún?

Ẹni tí ó bá ń tú adìyẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀ bí àpò kékeré aláwọ̀ ewé, ọwọ́ jẹ́jẹ́ ni a sì fi ń gé e kúrò pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ díẹ̀ lára, nítorí pé bí ó bá bẹ́ sára ẹran, omi mẹ́wàá kò lè fọ ìkorò náà kúrò. Omi inú àpò yẹn ni òróòro. Omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ òróòro, cholesterol, ọ̀rá kan tí a ń pè ní lecithin, àti èròjà aláwọ̀ ìyeyè tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ bilirubin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà ń ṣe nǹkan bí mílílítà 500 sí 1,000 rẹ̀ lóòjọ́.

Bí a bá fẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí a wo ìkòkò ọbẹ̀ tí epo pupa ti lẹ̀ mọ́ lára. Bí a bá da omi lásán sí i, epo náà a kàn léfòó ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kán ọṣẹ sí i tí a sì fi kànrìnkàn rún un, epo a fọ́ sí wẹ́wẹ́, a sì bá omi lọ. Ohun tí iyọ̀ òróòro ń ṣe sí ọ̀rá inú oúnjẹ nìyẹn. Bí ọ̀rá bá ti fọ́ wẹ́wẹ́, omi tí ó ń wá láti pancreas yóò rí ọ̀nà dà á, ìfun yóò sì lè fà á mu pẹ̀lú fítámì A, D, E àti K tí ó bá a rìn. Ara kì í fi iyọ̀ òróòro ṣòfò rárá: ìparí ìfun kékeré ń gba nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 rẹ̀ padà, a sì dá a padà sínú ẹ̀dọ̀ kí ó tún lò ó, ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́ kan.

Iṣẹ́ kejì òróòro ni pé ó jẹ́ ọ̀nà ìdalẹ̀nù. Ohun tí kò lè yọ́ nínú omi kò rọrùn fún kíndìnrín láti dà nù. Inú òróòro ni ẹ̀dọ̀ ń dà á sí.

Ṣé àpò òróòro ni ó ń ṣe òróòro ni?

Rárá o. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é. Àgbá ìpamọ́ lásán ni àpò náà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10, ó rí bí píà kékeré, ohun tí ó sì lè gbà kò ju mílílítà 30 sí 50 lọ. Bí ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe wúlò ni pé ó ń fa omi kúrò lára òróòro títí yóò fi ki, tí díẹ̀ rẹ̀ yóò fi tó ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Láti inú ẹ̀dọ̀, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ó jáde, ọ̀kan láti ọ̀tún, èkejì láti òsì, wọ́n sì pàdé di ọ̀kan. Ọ̀nà kékeré tí ó wá láti àpò òróòro yóò wá darapọ̀ mọ́ ọn, ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀yìn ìbẹ̀rẹ̀ ìfun àti orí pancreas kọjá. Ní ìparí rẹ̀, ọ̀nà pancreas yóò bá a pàdé, wọ́n á sì jọ gba ẹnu kan wọ inú ìfun. Abraham Vater, onímọ̀ ará Jámánì, ṣàpèjúwe ẹnu yìí ní 1720, iṣan róbótó tí ó ń ṣí i tí ó sì ń pa á dé sì ń jẹ́ orúkọ Ruggero Oddi, ará Ítálì, tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1887 nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí a kò bá jẹun, iṣan Oddi a padé, òróòro a sì kún padà sínú àpò. Bí oúnjẹ ọlọ́ràá bá ti dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, ìfun a tú họ́mọ̀nù kan tí ó ń jẹ́ cholecystokinin sínú ẹ̀jẹ̀. Àpò a súnkì, iṣan Oddi a dẹ̀, òróòro a sì tú jáde sórí oúnjẹ náà.

Kí ni ó ń fún ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ní àwọ̀ wọn?

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ ju nǹkan bí ọjọ́ 120 lọ kí ó tó gbó. Bí ara bá fọ́ ọ, irin inú rẹ̀ ni a ń tún lò, ṣùgbọ́n apá kan a di bilirubin. Bilirubin yìí kò lè yọ́ nínú omi, nítorí náà albumin ni ó ń gbé e dé ẹ̀dọ̀, níbi tí a ti ń so ó mọ́ èròjà mìíràn kí ó lè yọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó ń bá òróòro lọ sínú ìfun. Àwọn kòkòrò tí ó ń gbé inú ìfun ńlá wa a tún un ṣe, apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ó sì ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀ ilẹ̀ tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ a padà wọ inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín a sì gbé e jáde. Àwọ̀ ìyeyè inú ìtọ̀ nìyẹn.

Ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ ńkọ́? Kí ni ó ń fà á?

Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ yìí ní ojú inú, nítorí pé àmì méjì ni ó mú pa pọ̀: ojú pọ́n, ìtọ̀ náà sì pọ́n. Ohun kan ni kí a kàn fi kún un, èyíinì ni pé apọ́njú-pọ́ntọ̀ kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Àmì ni, ó sì ń sọ pé bilirubin ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ibi mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ó lè jẹ́ kí ọ̀nà tó dé ẹ̀dọ̀, bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá ń fọ́ ju bí ẹ̀dọ̀ ṣe lè gbà á lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí nínú àwọn ẹlẹ́jẹ̀ SS tàbí nígbà tí ibà ẹ̀fọn bá le. Ó lè jẹ́ inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, bí àrùn mẹ́dọ̀wú, ọtí tàbí oògùn bá ti ba sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́. Ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀dọ̀, bí òkúta tàbí kókó bá dí ọ̀nà òróòro. Nínú irú ìkẹta yìí, òróòro kò dé ìfun mọ́, nítorí náà ìgbẹ́ a funfun bí ẹfun, a sì máa léfòó nítorí ọ̀rá tí kò dà. Bilirubin tí ẹ̀dọ̀ ti tún ṣe yóò padà sínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì gba ìtọ̀ jáde, títí ìtọ̀ yóò fi dúdú bíi Coca-Cola. Ara a tún máa yún aláìsàn náà láti òkè dé ilẹ̀.

Nítorí náà, bí ojú ènìyàn bá pọ́n, kí ó wo ìgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó dé ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ kan yẹn, "funfun" tàbí "kò funfun", lè tètè fi ọ̀nà han dókítà. Inú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ni kí a ti wo ojú, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè.

Kí ló dé tí ojú ọmọ tuntun fi máa ń pọ́n?

Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì gbó tó láti tún gbogbo bilirubin ṣe, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ sì ń tètè fọ́. Ìdí nìyí tí ojú fi ń pọ́n díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó pé oṣù láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá yọ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, bí ó bá dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí bí ọmọ kò bá fẹ́ mu ọmú mọ́, a kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la, nítorí pé bilirubin tí ó pọ̀ jù lè wọ inú ọpọlọ, kí ó sọ ọmọ di adití tàbí arọ.

Àwọn ọmọ kan wà tí wọn kò ní G6PD, èròjà tí ó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, tó lára, wọ́n sì pọ̀ láàárín wa. Sẹ́ẹ̀lì pupa wọn máa ń fọ́ bí wọ́n bá fa òórùn kánfọ̀ símú. Aṣọ tí ìyá àgbà ti kó pamọ́ sínú àpótí láti ìgbà ọmọ tó kọjá, tí kánfọ̀ sì wà láàárín rẹ̀, lè fa jàǹbá bí a bá gbé e wọ ọmọ láìfọ̀ ọ́. Kí a fọ̀ ọ́, kí a sì sá a sóòrùn, tàbí kí a má tilẹ̀ lo kánfọ̀ sí aṣọ ọmọ rárá. Èyí kejì ni ó dára jù.

Iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń wo ojú pípọ́n ọmọ tuntun nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn Rochford ní Essex, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní àárín ọdún 1950 síwájú pé ibi tí oòrùn bà lára ọmọ kan ti mọ́, tí ibi tí aṣọ bò ṣì pọ́n. Àwọn dókítà ibẹ̀ sì gbé iná tí wọ́n ṣe jáde ní 1958. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Èkó, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, fi hàn pé oòrùn tí a fi ike fẹ́lẹ́ pàtàkì sẹ́, lábẹ́ àbójútó àwọn dókítà, lè ṣe irú iṣẹ́ náà níbi tí iná kò bá sí. Ìyẹn kò jọ kí a tẹ́ ọmọ sí ẹnu ọ̀nà lówùúrọ̀. Omi glucose náà kì í wò ó.

Bí ojú ọmọ bá ṣì pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ìyá wo ìgbẹ́ inú nápíìnì rẹ̀. Bí ó bá funfun, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà òróòro ọmọ náà ti dí pa. Morio Kasai, oníṣẹ́ abẹ ará Japan, ni ó ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ nínú ọdún 1950 síwájú, tí ó ń so ìfun mọ́ ẹ̀dọ̀ tààrà, ó sì máa ń yọrí sí rere jù bí a bá ṣe é kí ọmọ tó pé nǹkan bí ọjọ́ 60.

Báwo ni òkúta ṣe ń wọ inú àpò òróòro?

Kì í wọlé. Inú ibẹ̀ ni ó ti ń dì. Bí cholesterol bá pọ̀ ju iyọ̀ òróòro lọ, a máa dì bí ìyẹ̀pẹ̀, a sì máa dàgbà. Irú kejì, tí ó dúdú, bilirubin ni ó ń di òkúta nínú rẹ̀, òun ni a sì máa ń rí nínú àwọn ẹlẹ́jẹ̀ SS, nígbà mìíràn láti ìgbà èwe, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa wọn kì í pẹ́ kí ó tó fọ́.

Ọ̀pọ̀ òkúta kì í dún, kì í sì í dun ènìyàn. Skáànù tí wọ́n ṣe nítorí ohun mìíràn ni ó ń tú u fó. Ìrora a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan bá há sí ẹnu ọ̀nà àpò, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá: lábẹ́ ìhà ọ̀tún ni ó ti ń dùn, a sì máa gòkè lọ sí èjìká ọ̀tún. Bí àpò náà bá ti wú, dókítà a fi ìka tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún, a sì ní kí aláìsàn mí sínú. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti àpò náà sọ̀ kalẹ̀ kan ìka, èémí aláìsàn a dúró láìparí.

Ṣé ènìyàn lè gbé láìsí àpò òróòro?

Ó lè gbé, kí ó sì dàgbà. Carl Langenbuch, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, kọ́kọ́ gé e kúrò ní ìlú Berlin ní 1882, Erich Mühe, ará Jámánì bákan náà, sì kọ́kọ́ gba ihò kékeré yọ ọ́ ní 1985. Òróòro a kàn máa kán sínú ìfun tààrà láti ẹ̀dọ̀; ìgbẹ́ àwọn mìíràn a máa ṣàn díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹyẹlé kò ní àpò òróòro láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá a, ẹṣin náà kò ní in, kò sì dí wọn lọ́wọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀dọ̀ máa ń hù padà?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í hù bí ẹ̀ka igi. Bí a bá gé apá kan kúrò, apá tí ó kù ni ó ń dàgbà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀. Ìrísí rẹ̀ àtijọ́ kì í padà. Ìdí nìyí tí ènìyàn alààyè fi lè fún ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ní apá kan ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Thomas Starzl, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ gbìyànjú pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ènìyàn ní Denver, Amẹ́ríkà, ní 1963, ó sì di 1967 kí aláìsàn tó pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ tí àpá ti gbà kan kò ní agbára yìí mọ́ bí ó ti yẹ.

Kí ni ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ jù ní àyíká wa?

Àrùn mẹ́dọ̀wú B ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àwọn tí ó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ káàkiri àgbáyé tó mílíọ̀nù 254 ní 2022. Baruch Blumberg, dókítà ará Amẹ́ríkà, ni ó rí àmì fáírọ́ọ̀sì náà, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ. Ìbálòpọ̀, ẹ̀jẹ̀, abẹ tí a fi kọlà tàbí tí a fi sín gbẹ́rẹ́ lè gbé e kiri. Jíjẹun nínú àwo kan náà kì í ràn án. Ọmọ ọwọ́ tí ó bá kó o, nǹkan bí 9 nínú 10 wọn ni kò ní bọ́ nínú rẹ̀, nígbà tí ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń lé e jáde. Nítorí ìyẹn ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gún fún ọmọ láàárín wákàtí 24 tí a bí i fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó wá fi ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 tẹ̀ lé e.

Ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó ti bu náà wà níbẹ̀. Èbu kan ń tú májèlé aflatoxin sínú wọn, iná kì í pa á tán. Ní 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà láti Brazil ṣe, ibẹ̀ ni a ti mọ̀ ọ́n. Bí aflatoxin bá bá mẹ́dọ̀wú B pàdé nínú ara kan náà, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ a pọ̀ ju àròpọ̀ àwọn méjèèjì lọ. Ẹ̀pà tí ó bá korò lẹ́nu, kí a tu ú dànù. Kì í ṣe ojo.

Ọtí kò nílò àlàyé púpọ̀, yálà bíà, ògógóró tàbí páràgà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá tí ó ń kún inú ẹ̀dọ̀ àwọn tí ó sanra tàbí tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ohun tí ó nílò àlàyé ni paracetamol. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lo ju gíráàmù 4 lọ lóòjọ́, èyíinì hóró 8 oníwọ̀n mílígíráàmù 500. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé hóró méjì mì lówùúrọ̀, tí ó lo oògùn ọ̀fìnkìn lọ́sàn-án, tí ó tún ra "oògùn ara ríro" àdàpọ̀ lọ́wọ́ alájàpá nírọ̀lẹ́, kò mọ̀ pé paracetamol lè wà nínú gbogbo wọn. Bí ó bá pọ̀ jù, ohun tí ẹ̀dọ̀ fi ń pa májèlé rẹ̀ á tán, sẹ́ẹ̀lì a sì bẹ̀rẹ̀ sí kú, nígbà tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣì lè máa rìn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ wà, acetylcysteine ni, ṣùgbọ́n wákàtí ni a ń kà, kì í ṣe ọjọ́.

Ṣé àgbo "ìfọ-ẹ̀dọ̀" lè fọ ẹ̀dọ̀ mọ́?

Ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ìkòkò. Ohunkóhun tí a bá gbé mì láti fi fọ̀ ọ́, ẹ̀dọ̀ náà ni yóò tún fọ́ ọ, àgbo mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń mu àgbo, kí ó má ṣe fi pamọ́ fún dókítà rẹ̀.

Kí ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nípa ẹ̀dọ̀ ń sọ?

Orúkọ méjì tí ó máa ń wà lókè ìwé náà, ALT àti AST, jẹ́ èròjà tí ó ń jò jáde bí sẹ́ẹ̀lì bá fara pa, ti ALT sì jẹ mọ́ ẹ̀dọ̀ jù. Bí ALP àti GGT, èròjà méjì mìíràn nínú ìwé náà, bá jọ gòkè, ojú ọ̀nà òróòro ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó ń sọ bóyá ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́. Albumin, bilirubin àti iye àkókò tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì ni ó ń sọ ìyẹn. Mo ti rí àwọn tí ó fi ALT tí ó wà ní ìwọ̀n yangàn pé ẹ̀dọ̀ àwọn dára, bẹ́ẹ̀ ni ALT lè wà ní ìwọ̀n nínú ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le gan-an, nígbà mìíràn nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tí ó kù níbẹ̀ kò tó ohun tí yóò jò mọ́.